Sáfà Tẹni-n-Tẹni Nínú Ilé Àjọgbé

Bí ó bá ti di ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí ẹni tí í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn Nọ́ọ̀sì. Ọmọ kan á ké, àwọn tó kù á gbè é. Ìyá kan á máa fi ẹsẹ̀ wá bàtà ọmọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, òmíràn á máa bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ara ọmọ máa ń gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tòní. Aránṣọ tó háyà yàrá kejì á yọ orí síta, á ní, "Ẹ kú ariwo o!" Á sì tilẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dákẹ́ rọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ti gbé àpótí yìnyín sórí tábìlì, ó ti fọ ọwọ́ títí ìka rẹ̀ fi hun jọ. Ìyá mẹ́ta péré ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kì í gba èrò.

Aránṣọ yọ orí síta bí ìṣe rẹ̀. Kò rí ariwo kankan tí ì bá kí. "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí o?"

"Èmi gan-an ń bi ara mi ni," Nọ́ọ̀sì dáhùn.

Oògùn àjẹsára kan wà tó jẹ́ pé bí a bá ti ṣí ìgò rẹ̀, ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú bá a. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, dídànù ni. Ẹlòmíràn ì bá ní kí àwọn mẹ́ta yìí lọ ilé, kí wọ́n padà wá nígbà tí èrò bá pọ̀. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ti rí ọmọ tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sọ di ẹni tí ń fà nílẹ̀, kò sì gbàgbé rẹ̀ di òní. Ó ṣí ìgò náà, ó gún àwọn ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Níbo ni àwọn yòókù wà?

Ìyá Ìbejì, tó kó ọmọ méjèèjì wá, ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti ku ọ̀la, ẹ máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rí nǹkan kan. Mo kàn fi ìka ka ọjọ́ ni. Mo tún wo ìkànnì yín lórí fóònù, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti tì í."

"Wọ́n ti tì í? Ta ló tì í?"

"Wọ́n ní kí ẹni tó ni ín lọ rí àwọn tó gbà á sílé."

Nọ́ọ̀sì rọra gbé ìgò sílẹ̀. Ìkànnì yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ gbogbo ọmọ wà, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbà, àti nọ́ńbà fóònù ìyá wọn. Bí ọjọ́ ọmọ kan bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìkànnì náà ni yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá ránṣẹ́, àwọn ìyá á gbàgbé, nítorí ẹni tí ọmọ ń jí lóru kì í mọ ọjọ́ tó wà. Àrùn kì í sì í dúró de ẹni tó gbàgbé.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ìkànnì náà. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó ń ṣe, Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ pé, ó sì ti fi ara rẹ̀ kọ́ púpọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù.

"Oníná, kí ló ṣe ìkànnì wa?"

Oníná rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká rí ara wa nílé."

Nọ́ọ̀sì mọ ohùn yẹn. Láti kékeré ni Oníná ti máa ń lò ó bó bá ti fọ́ nǹkan.

* * *

Kí ẹ tó mọ ohun tí Oníná ṣe, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ irú ilé tí wọ́n bí i sí.

Bàbá rẹ̀, ọkọ Nọ́ọ̀sì, káfíńtà ni. Ọ̀rọ̀ kan kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀: "Tẹni ni tẹni, tàkísà ni tààtàn." Nínú ilé wọn, a kì í yá nǹkan, a kì í jọ ní nǹkan. Nígbà kan tí gílóòbù pálọ̀ jó, àkàbà aládùúgbò wà lára ògiri, ó ń wò wọ́n. Bàbá ní rárá, òun á kan ti òun. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni gbogbo ilé fi jókòó nínú òkùnkùn kí àkàbà tó parí. Nígbà tó sì parí, ó gùn ju pálọ̀ lọ.

Inú ilé yẹn ni Oníná ti dàgbà. Ohun tí ọmọ bá mu lọ́mú kì í tètè kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé ilé, ó bá Oníná ní pálọ̀, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Bàbá jókòó sórí àga tirẹ̀. Ìyàwó, bí gbogbo ilé ṣe ń pe aya Oníná, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò iṣẹ́ dé ni, báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí Nọ́ọ̀sì.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́."

"O káre, ìyàwó mi. Ṣé àlàáfíà lo dé?" Nọ́ọ̀sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó yá, sọ̀rọ̀. Ọmọ méjì àti ìbejì nìkan ni mo rí ṣètọ́jú láàárọ̀ yìí kí n tó tilẹ̀kùn."

"Màmá, àwọn tí a háyà àyè ìkànnì lọ́wọ́ wọn ló fẹ́ fìyà jẹ wá," Oníná bẹ̀rẹ̀. "Mo gbé sáfà dátábéèsì tiwa síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kó simi. Bí mo bá ti tàn án, wọ́n á pa á. Mo wá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé bí wọ́n bá ti pa á, kó tún un tàn. Wọ́n pa, a tàn, wọ́n pa, a tàn. Níkẹyìn, wọ́n ti gbogbo ìkànnì pa. Mo fẹ́ lọ bá wọn jà báyìí ni!"

"Kí ni dátábéèsì?" Bàbá béèrè. "Ẹ bá mi fi èdè ènìyàn sọ ọ́."

"Bàbá, bí àpótí ńlá tó ní dúrọ́ọ̀ púpọ̀ ló rí," Ìyàwó dáhùn. "Inú rẹ̀ ni ìkànnì ń kó orúkọ àwọn ọmọ sí. Sáfà dátábéèsì ni ẹ̀rọ tó ń ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn tó sì ń pa á dé, tọ̀sán-tòru."

Nọ́ọ̀sì wo Ìyàwó. Ó wá rántí pé iṣẹ́ tí ọmọbìnrin yìí ń ṣe gan-an nìyẹn: òun ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí ìkànnì àwọn ènìyàn ń gbé inú wọn.

"Oníná, ìwọ ọmọ yìí! Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, o ò bi í?"

Oníná wo ilẹ̀. "Ó ní òun á bá mi ṣe é nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ màmá mi ni, ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe é."

"Tẹni ni tẹni," Nọ́ọ̀sì sọ, ó sì yí ojú sí ọkọ rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà ilé bí ẹni pé gílóòbù mìíràn fẹ́ jó.

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó fa àga sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Àyè tí ẹ háyà yìí, ṣé odindi ilé ni àbí yàrá?"

"Yàrá ni. Àwa àti ọ̀pọ̀ ènìyàn la jọ wà lórí kọ̀ǹpútà kan. Òun náà ni apá wa ká."

"Kò burú. Ilé tí Màmá fi ṣe ilé ìwòsàn ńkọ́? Àwọn wo ló jọ háyà rẹ̀?"

"Àwa, aránṣọ, onígbàjámọ̀, àti ẹni tó ń tún aago ṣe."

"Tí aránṣọ bá wá gbé ẹ̀rọ amúnáwá sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó tàn án, tó ní òun ò fẹ́ iná tí onílé fà wọlé, pé tẹni ni tẹni, kí lẹ máa ṣe?"

Oníná fò dìde lórí àga. "Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ṣé ó ya wèrè ni? Èéfín á pa gbogbo ilé! Mo máa pa ẹ̀rọ yẹn lójú ẹsẹ̀, tó bá tún un tàn, mo máa tún un pa, tí kò bá gbọ́, a máa tì í sí..."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó rọra padà jókòó.

"Síta," ló fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kò lè mú un mọ́ra. Oníná fúnra rẹ̀ gbọn orí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Onílé kò fìyà jẹ yín," Ìyàwó ní. "Ó ní olùṣọ́ kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ayálégbé kan bá ń jẹ agbára tó yẹ kí gbogbo ilé jọ lò, olùṣọ́ yẹn á pa á. Bí wọ́n sì ṣe ń pa á nígbà tó ń kọ orúkọ lọ́wọ́, àwọn orúkọ kan á ti bàjẹ́. Ó ṣe tán, onílé ti pèsè dátábéèsì sílẹ̀ fún gbogbo yín. Ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ayálégbé ló ń lò ó. Ọmọ ọlọ́mọ ni orúkọ wọn wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí á jọ pín in pẹ̀lú ẹni tí a ò mọ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Nọ́ọ̀sì lára. Kì í ṣe agídí nìkan ló mú ọmọ rẹ̀ ṣe é, ìfẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Èrò yẹn dára gan-an," Ìyàwó fèsì. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti aránṣọ jọ ń lo iná kan náà, ṣé ó lè tibẹ̀ wọ yàrá Màmá? Ẹ̀rọ kan ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ilé, àmọ́ dúrọ́ọ̀ kálukú ní orúkọ tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹlòmíràn ò lè ṣí tiyín, àyàfi tí ẹ bá fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ní tòótọ́, ti onílé yẹn ní ààbò ju èyí tí ẹ gbé wá lọ." Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Ọ̀rọ̀ aṣínà wo lẹ fún sáfà yín, tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?"

Oníná họ orí. "Kò jẹ́ kí n tètè wọlé ni mo bá yọ ọ́ kúrò."

"Níbo lẹ ti ń wọlé sí i?"

"Láti orí fóònù mi. Ibi yòówù kí n wà."

"Láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà?"

"Láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà."

"A jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń wọlé láti ibi gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni lè ṣe wọlé."

Gbogbo ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì. Ó ronú kan àwọn ìyá tó fi nọ́ńbà wọn lé e lọ́wọ́, tí wọ́n sọ àìsàn ọmọ wọn fún un ní bòókẹ́lẹ́. Ojú ọ̀nà ló kó gbogbo rẹ̀ sí.

"Ṣé ẹnì kan ti wọlé?" ó béèrè.

"Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má wọlé, Màmá. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọjú. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn ná."

* * *

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Ìyàwó kò gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yín ṣe é," ló wí, "èmi á kàn jókòó tì yín." Oníná wò ó bí ẹni tí wọ́n dá aṣọ rẹ̀ padà fún.

Wọ́n kọ́kọ́ pe onílé ìkànnì. Oníná kò jà. Ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Obìnrin tó gbé fóònù kò pariwo mọ́ ọn. "A dúpẹ́ pé ẹ pè," ó ní. "Ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò, ẹ yọ àṣẹ tó ń tún un tàn kúrò, kí ẹ sọ fún wa. A máa ṣí ìkànnì yín."

Oníná kọjú sí sáfà rẹ̀. Kí ó tó yọ ọ́, Ìyàwó ní kó kọ́kọ́ kó ẹ̀dà àwọn orúkọ tó wà nínú rẹ̀ síbi tó ní ààbò. Lẹ́yìn náà ni ó yọ ẹ̀rọ náà àti àṣẹ tó ń tún un tàn kúrò, ó wọ ojú-ewé ìṣàkóso tí onílé fún wọn láti máa fi darí àyè wọn, ó rí ibi tí wọ́n kọ dátábéèsì sí gbangba, ó sì dá tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dá orúkọ aṣàmúlò kan, ìyẹn orúkọ tí ìkànnì á máa fi wọlé, sílẹ̀ fún un, ó fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó gùn tó sì ṣòro fún ẹlòmíràn láti mọ̀. Ó pàṣẹ pé dúrọ́ọ̀ yìí nìkan ni aṣàmúlò náà gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó kó àwọn orúkọ sínú dúrọ́ọ̀ náà, ó wá sọ fún ìkànnì pé inú ilé níbẹ̀ ni dátábéèsì wà, kí ó má wá a lọ síta. Ilẹ̀kùn tó kọjú síta, ó fi í sílẹ̀ ní títì. Ó tún pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọ ojú-ewé ìṣàkóso. Ó pe onílé padà, wọ́n sì ṣí ìkànnì náà.

"Ṣé ó tán?" Oníná béèrè. Ìyàlẹ́nu wà lójú rẹ̀.

"Ó tán. Kí lẹ rò pé ó máa gbà?"

"Gbogbo bí mo ṣe ń làágùn lórí ti tẹ́lẹ̀ yẹn!"

"Bí ẹ bá wá dàgbà ju yàrá lọ lọ́jọ́ kan," Ìyàwó ní, "ẹ lè háyà odindi sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó jẹ́ tiyín nìkan, kí ẹ gbé ohun tó wù yín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ máa gbá a, ẹ̀yin lẹ máa tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ. Ní báyìí, yàrá tó fún Màmá."

Àwọn orúkọ kan ti bàjẹ́ lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó má já wọn láyà, káàdì àjẹsára wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan, òun á tún wọn kọ síbẹ̀. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe ìyẹn.

"Ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn ìyá," ó ní. "Ẹ kọ ọjọ́ tuntun síbẹ̀. Ẹ sì kọ ọ́ pé orúkọ àti nọ́ńbà wọn wà níta láìní kọ́kọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀, pé mo máa ṣàlàyé bí wọ́n bá dé."

Oníná gbé ojú sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ máa lé èrò lọ."

"Oníná, tí mo bá gún ọmọ lábẹ́rẹ́ tí ibẹ̀ wú, ṣé mo máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́?"

Oníná kọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe wí, ó sì fi ránṣẹ́.

* * *

Nígbà tí ọjọ́ pé, bẹ́ǹṣì kún, ògiri kún, àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá mú ọmọ wọn mọ́ra ju ti ìgbà gbogbo lọ, ojú wọn sì wà lára Nọ́ọ̀sì. Ó dìde láàárín wọn, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò di ẹ̀bi ru onílé ìkànnì, kò sì dárúkọ ọmọ rẹ̀. "Ilé ìwòsàn mi ni, èmi ni kí ẹ bi," ló wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, tó dárúkọ ọmọ yín, tó ní kí ẹ fi owó tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà yín ránṣẹ́, kì í ṣe àwa. Ẹ pa fóònù, kí ẹ sì wá sọ fún mi."

Ìyá kan nínú wọn béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ lè búra pé kò sẹ́ni tó rí i?"

"Mi ò lè búra."

Ìyá kan nítòsí ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọmọ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ló dìde. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ tiwọn lọ́jọ́ tí èrò kò wá, ó kàn wá nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ni. "Èmi o," ó ní, "ẹni tó sọ fún mi pé òun ṣubú, kí n tó rí ẹrẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, òun ni mo lè gbé ọmọ mi fún. Ẹ̀yin ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta ló kàn?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ náà wo ọmọ rẹ̀, ó wo Nọ́ọ̀sì, ó sì tú aṣọ lápá ọmọ. "Tèmi ló kàn," ó ní. Abẹ́rẹ́ wọlé, ọmọ náà figbe ta, àwọn yòókù sì gbè é.

Aránṣọ yọ orí síta. "Ẹ kú ariwo o!"

Láti ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì ti ń gbọ́ ìkíni yẹn, kò tíì dùn mọ́ ọn tó báyìí rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá gbé àkàbà rẹ̀ gígùn jáde, ó fi ti ara ògiri tó wà láàárín ilé wọn àti ti aládùúgbò. Ó ní ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè mú un. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì fi ṣéènì àti àgádágodo dè é mọ́ ògiri.

"Kí ẹni tó fẹ́ lò ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ṣebí bí Ìyàwó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn?"

* * *

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ní ìkànnì fún ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ó bá jẹ́ àyè àjọlò lẹ háyà, ẹ má gbé sáfà dátábéèsì tiyín wọ ibẹ̀. Onílé ti pèsè ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ wọ ojú-ewé ìṣàkóso yín, ẹ dá tiyín sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fún un ní aṣàmúlò tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó lágbára. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń dí yín lọ́wọ́ yẹn, olè ló wà fún, ẹ má yọ ọ́. Ẹ má ṣí dátábéèsì sílẹ̀ fún gbogbo ayé nítorí kí ó lè rọ̀ yín lọ́rùn láti orí fóònù. Ẹ máa kó ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn látìgbàdégbà. Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá ti ju yàrá lọ, ẹ háyà odindi sáfà, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe onílé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ni orúkọ. Abèèrè kì í ṣìnà, pàápàá bí ẹni tó yẹ kí ó bi bá wà nínú ilé rẹ̀. Ìkànnì lè jẹ́ tiyín, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ́ ẹ.